Ìka Tí Mo Tì Bọ Inú Ìgò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ohùn mi tó lọ. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ kòtò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè mí. Bí ìwàláàyè ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi wá. Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni alábàárù kékeré kan wà, tRNA lorúkọ rẹ̀. Apá kan lára rẹ̀ ń ka àṣẹ, apá kejì ń ru ẹrù tí a fi ń kọ́ ara. Mo ti kọ ọ́ káàkiri pé odindi ni alábàárù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì sọ mí di ẹni ńlá.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, obìnrin jẹ́jẹ́, ló wá bá mi. "Ẹ má bínú sà, ó jọ pé ìlàjì tó ń ru ẹrù ló kọ́kọ́ wà, kí àṣẹ kankan tó wà láti kà." Ó ṣe ìlàjì yẹn nìkan sínú ìgò, ó sì ru ẹrù lóòótọ́. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Mo rẹ́rìn-ín ìyàngì, mo ní kó tún un ṣe lójú gbogbo wa.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í fara da òógùn ènìyàn. Bí ìka lásán bá kàn án, ó ti jẹrà nìyẹn, ìdí tí a fi ń wọ ìbọ̀wọ́ nìyí. Nígbà tó lọ jẹun, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ tèmi, mo ṣí àwọn ìgò rẹ̀, mo ti ìka bọ inú wọn. Àgbàyà bíi tèmi! Gbogbo ìgbà tó tún un ṣe ni èmi náà tún ti ìka bọ inú ìgò rẹ̀.

Òfo ló ń rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀gbin. Ó ń fọ ọwọ́ títí awọ fi ń bó. "Sà, àbí ara mi ni ò dáa ni?" Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. "Bóyá iṣẹ́ yìí kì í ṣe tìẹ," ni mo fèsì. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì lọ.

Àná ló wá kí mi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ jòjòló. Ọmọ bú sẹ́kún lórí àga, ó na ọwọ́ sí i. Kò gbé e. Ìdí ẹ̀rọ omi ló sáré lọ, ó ń fọ ọwọ́, ó tún ń fọ ọ́, ọmọ ń ké. "Ẹ má bínú sà," ó ní, "ọwọ́ mi ò dáa fún ọmọdé." Ojú tì mí, mo kọjú sí ògiri títí ó fi lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí òótọ́ ẹlòmíràn bá máa wó ilé yín, ẹ jẹ́ kó wó. Ẹ sì bá mi sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn. Ọmọ mi, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ rí. Èmi ni. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, ṣáà gbé ọmọ rẹ.