Ìran Tí A Kò Tún Yà

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tí Tísà kọ́ ní ìṣirò tí ẹ ti ń rán ọmọ tiyín lọ sílé-ìwé báyìí, mo kí yín o. Ìyá Ìbejì, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ìrójú. Ẹ̀yin Ìbejì méjèèjì, ẹ ó pẹ́ lẹ́yìn bàbá yín.

Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn o. Bí mo ṣe ń dìde, ẹnì kan lẹ́yìn níbẹ̀ rọra sọ pé, "Ọ̀dàlẹ̀ ti dìde." Kò burú. Ẹ rẹ́rìn-ín, Tísà náà ò fẹ́ràn ibi tí gbogbo èèyàn bá ti fajú ro. Ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń pè mí ní Ọ̀dàlẹ̀. Àwọn ọmọdé ń pè é tẹ̀lé mi lójú títì. Ẹni tó ń gẹrun mi, bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí. Ìyàwó mi pàápàá, tí inú ẹ̀ bá dùn, á ní, "Ọ̀dàlẹ̀, oúnjẹ ti délẹ̀ o." Gbogbo yín lẹ mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Àbí, ẹ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ tí Tísà ti kú, tí mo bá ti tojú bọ oorun, kíláàsì kan náà ni mo ń wọ̀. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, eruku ṣọ́ọ̀kì ń fò nínú oòrùn, kò balẹ̀, kò sì lọ. Àga kan wà láàárín. Ọ̀rẹ́ mi kẹ́yìn sí mi, ó ń nu pátákó. Kò sí nǹkan kan lára pátákó náà o, ṣùgbọ́n ó ń nù ún. Mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é. Ó ṣáà ń nu pátákó. Tí mo bá jí, apá á máa ro mí bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kíláàsì tèmi ló sì tẹ̀lé tiẹ̀. Èmi ń kọ́ wọn nípa odò àti òkè. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi là wá láàárín, ohùn rẹ̀ ò sì mọ̀ pé pákó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tèmi mọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ju orúkọ odò kankan lọ! Ọjọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ń wá ọmọ, ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò lè mú ṣọ́ọ̀kì dání. Tísà wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Kí lo ń ṣe níbí? Máa lọ jàre." Ó yọ pákó yẹn kúrò, ó da kíláàsì méjì pọ̀, ó sì kọ́ ọgọ́rin ọmọ títí wọ́n fi ṣíwọ́. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, ìṣirò bí odò ṣe jìn tó ni àwọn ọmọ mi ń ṣe. Ẹ̀rín pa mí. Mo dì mọ́ ọn.

Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ náà ò tíì mọ̀ ọ́n rìn tán tí ọ̀rọ̀ ìbéèrè ìdánwò fi ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí. Ìbéèrè jáde síta kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé sì ní Tísà ló jí i kó nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n kọ ìwé lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kí ni Tísà ṣe? Ó jókòó, ó fa báírò pupa yọ, ó fi yí gbogbo àṣìṣe inú ìwé náà po, ó kọ sísàlẹ̀ pé, "Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ẹ tún un kọ." Ó sì dá a padà fún ọ̀gá! Ẹ ò rí agídí? Bí ẹ bá ń wá baba alágídí, òun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò kún inú ilé. Ilé-ìwé mẹ́ta ló kọ̀wé sí, kò sẹ́ni tó gbà á. Àwọn Ìbejì á ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú ojú wíwú, nítorí wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ olè. Ìyá Ìbejì ò lọ sí ìpàdé òbí mọ́. Inú pálọ̀ rẹ̀ yìí ni Tísà ń jókòó sí látàárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn. Ó di ọjọ́ kan, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó gbé ìwé àjákọ mẹ́ta síwájú mi. Ó ní, "Mo ti kọ fíìmù."

Orúkọ fíìmù náà ni Wọ́n Ti Tísà Kan Ògiri. Gbogbo yín lẹ ti wò ó. Bí a bá lé ewúrẹ́ kan ògiri, á kọjú sí ni. Tísà kan wà, wọ́n purọ́ mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀san lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dàlẹ̀ tó fọwọ́ sí irọ́ náà ló gbẹ̀yìn: Tísà á so ó mọ́ àga nínú kíláàsì, á tilẹ̀kùn, á sì dáná sun ún. Fọ́tò, ọmọkùnrin àdúgbò wa tó máa ń ya ìgbéyàwó, ló gbé kámẹ́rà wá. Yíǹkì pupa la fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Òwú la fi ṣe irùngbọ̀n ọ̀gá àgbà, ó sì já bọ́ sínú tíì rẹ̀ níbi tó ti ń halẹ̀! Ó ṣì wà nínú fíìmù bẹ́ẹ̀, nítorí bátìrì Fọ́tò ti gbó, kì í pẹ́ kú. Tísà bá ṣòfin: "Ìran kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. A ò ní tún un yà." Ohun tó bá jáde lẹ́nu ẹ, ó ti jáde nìyẹn.

Nígbà tó ń pín ipa, ó ní, "Ìwọ lo máa ṣe ọ̀dàlẹ̀." Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ojú ẹ bá a mu." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣíwọ́ ẹ̀rín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi báyìí.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni a ya ìran ìkẹyìn, nínú kíláàsì kan tó ṣófo. Ó fi okùn àsíá so mí mọ́ àga. Omi ló wà nínú agolo kẹrosíìnì, ṣùgbọ́n ìṣáná ọwọ́ rẹ̀, ìṣáná gidi ni. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé kí n máa bẹ̀bẹ̀, kí n ní èṣù ló ṣe é, kó sì jáde lọ tilẹ̀kùn. Mo la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Tísà lóṣòó síwájú mi. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa, àfi eruku tó ń fò. Ó wá bi mí ní ohun tí kò sí nínú ìwé rárá. Ó rọra bi mí, bó ṣe máa ń bi ọmọ tí ìṣirò bá dàrú mọ́ lójú.

Ó ní, "Ta ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi lé mi?"

Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mi ò rí ẹ nídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní àwọn á fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá, mo bá fọwọ́ sí i." Mo sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Ibẹ̀ lẹ máa ń pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun nínú ọgbà níta yẹn, afẹ́fẹ́ ń mi aṣọ, ojú mi ń fẹ̀, ó ń súnkì, ìyá kan sì pariwo pé, "Háà, ọkùnrin yìí mọ eré é ṣe!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ṣeré.

Ẹ má pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Òtítọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin lẹ gbà á sí eré, èmi náà sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló fi ìbéèrè yẹn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó nílò ẹlẹ́rìí, ó pè mí, mo gbà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì igbákejì, tí fáànù ń fẹ́ sí mi lórí. Ẹ ó bi mí pé báwo ni Tísà ṣe mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi lé e pé olùkọ́ kan rí i nídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìṣirò ni, ó yọ àwọn olùkọ́ yòókù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku èmi.

Kí ló ṣe fún mi nígbà tí mo jẹ́wọ́ tán? Ó wò mí pẹ́. Ó fi ìṣáná sápò. Ó tú okùn. Ó lọ nu pátákó tí kò sí nǹkan lára rẹ̀, ó sì jáde sínú oòrùn, kò tilẹ̀kùn. Fọ́tò ń pariwo pé, "Ẹ̀yin Tísà, iná ńkọ́? Ẹ ò tíì sun ún!" Bátìrì kú. Lọ́jọ́ kejì, Fọ́tò bẹ̀ ẹ́ títí pé kí a tún un yà. Ó ní rárá. Ìdí nìyẹn tí fíìmù fi parí bẹ́ẹ̀, tí ẹ fi ń ráhùn pé fíìmù ẹ̀san wo ni kò ní ẹ̀san nínú.

Fún ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo Sátidé la jọ ń ta dráfù lórí tábìlì yìí. Kò bi mí mọ́. Mo rò pé ó ti tán. Mo ní ṣebí mo ti sọ ọ́, ṣebí gbogbo ayé ti gbọ́. Ẹ wo ọgbọ́n òmùgọ̀! Ó ń dúró dè mí. Tó bá ti jẹ ọmọ ayò mi tán, á gbójú sókè, á wò mí, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nǹkan. Èmi á ní, "Ìwọ ló kàn." Wọ́n ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ. Èmi ni mo dalẹ̀, òun ló wà nínú pósí yìí. Ó dùn mí. Ojú ń tì mí níwájú yín, ojú ń tì mí níwájú ọmọ tèmi tó jókòó síbẹ̀ yẹn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ìwé kan wà lápò mi, mo kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kọ ọ́, nítorí mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ pé, "Tún un kọ." Lọ́la ni mo fẹ́ mú un lọ...

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ẹ ní kí ni? Ẹ ní kí n... Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní, "Ẹ kà á sókè. Kí àwọn ọmọ mi fi etí ara wọn gbọ́ ọ."

Ó dáa, mà á kà á.

"Sí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Èmi ni ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí ìwé tí ẹ fi lé olùkọ́ ìṣirò yín. Irọ́ ni mo pa. Ní àkókò tí mo ní mo rí i nídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà nínú kíláàsì rẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn pákó, ó ń kọ́ wọn ní ìdá. Kì í ṣe olè. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ olè. Ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un, kí ẹ sì ṣe mí bí ó bá ṣe tọ́."

Ó tán. Mo ti fọwọ́ sí i. Ìyá Ìbejì, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ ṣáà mú un, kó wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rẹ́ mi, ó pẹ́ kí n tó dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tètè gbọ́n ni mí, o sì ní sùúrù fún mi títí sùúrù fi bá ọ dé ibi tí o wà yìí. Má nu pátákó mọ́. Nǹkan ti wà lára rẹ̀ báyìí, jẹ́ kí wọ́n kà á. Sinmi. Kí ọ̀nà ibi tí ò ń lọ tẹ́jú, kí oòrùn wà níbẹ̀, kó má mú jù. Tí o bá rí àwọn ọmọ níbẹ̀, kọ́ wọn. Pariwo bí o ṣe fẹ́, kò sí pákó mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn yẹn. Ẹ ṣí i gbayawu. Ẹ má tì í. Tísà ń jáde.