Ohun Tó Wà Nínú Ike Omi Áyọ́ọ̀nù

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Bàbá ọmọ mi, ẹ fi fóònù yín sílẹ̀. Eyínafẹ́, ẹ̀yin àbúrò ọkọ mi obìnrin, mo mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà lẹ fẹ́ dúró sí, torí ó pé ọdún mọ́kàndínlógún tí ẹ ti wọ ilé yìí kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Òótọ́ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, òní ló máa jáde. Dókítà ti sọ pé ẹ̀dọ̀ mi bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ̀yin náà ń rí ikùn mi bó ṣe wú. Bí mo bá gbé irọ́ mi wọ sàréè, ẹ̀yin alààyè lá máa jẹ níyà. Kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu o. Bí ẹ bá dá a mọ́ mi lẹ́nu, ẹ̀rù á bà mí, màá tún purọ́. Irọ́ ò ṣòro fún mi.

Nígbà tí mo lóyún ọmọ mi yìí, mo gba iṣẹ́ aṣọ ilé-ìwé kan tó pọ̀ ju agbára mi lọ. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ẹsẹ̀ mi wú. Obìnrin tó ń bá mi ya ihò bọ́tìnnì ló kọ́kọ́ bu ọtí sínú ife fún mi. Ó ní, "Mu díẹ̀ sára jàre. Oyún mẹ́rin ni mo fi mu ún, ṣé ọ̀kan nínú wọn yarọ ni?" Mo mu ún, ẹ̀yìn mi rọ̀. N kò dá a lẹ́bi, kò fi tipátipá là mí lẹ́nu. Nígbà tó yá, mo ń ra tèmi. Ibi tí mo ń tọ́jú rẹ̀ sí kò jìnnà. Aránṣọ ni mí, ike tí a fi ń fín omi sáṣọ kí a tó lọ̀ ọ́ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ọtí náà mọ́ gaara bí omi, ta ló fẹ́ fura sí ike omi? Mo ní méjì, mo so òwú pupa mọ́ ọrùn èyí tí ọtí wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n! Ká ní mo lo irú ọgbọ́n yẹn síbi tó yẹ, ǹ bá ti dèèyàn ńlá.

Ẹ má jẹ́ kí n fi àìmọ̀ bojú o. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwa aláboyún sọ ọ́ létí mi pé kò sí ìwọ̀n ọtí tó dára fún aláboyún, pé ohun tí ìyá bá mu lọmọ inú rẹ̀ ń mu. Ó wá ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Ọtí kẹ̀? Èmi! Òórùn rẹ̀ lásán ń kọ́ mi lóòyì." Àwọn aláboyún ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sínú káàdì mi pé n kì í mutí. Ojú obìnrin yẹn ò le rárá, ì bá ràn mí lọ́wọ́. Ojú ló tì mí. Ọkọ mi ti sọ kó tó fẹ́ mi pé ọtí ló pa bàbá òun, pé òun ò lè bá ọ̀mùtí gbé. Mo bẹ̀rù kílé mi má tú.

Mo bí ọmọ náà, ó kéré, orí rẹ̀ kéré, ọmú ò ṣeé fà fún un. Ó yẹ kí n jáwọ́, àbí? N kò jáwọ́. Mo ń mutí, mo sì ń fún un lọ́mú. Bó bá mu ún tán, á sùn fọnfọn, àwọn ará ilé á ní, "Ọmọ yìí mà ní sùúrù o, kò yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu." Màá máa tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ. Ìkà ni mí.

Eyínafẹ́ ló ń bá mi gbé ọmọ nígbà náà. Ó ti lẹ́ni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kóun bá mi lọ aṣọ oníbàárà kan tó jókòó tì wá. Òwú pupa ti já lọ́rùn ike, n kò mọ̀. Ó fín in sáṣọ, ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, òórùn ọtí bá gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà ní, "Ta ló ń mutí níbí?" Mo ní oògùn kòkòrò aṣọ ni. Eyínafẹ́ dúró títí obìnrin yẹn fi lọ. Ó wá ní, "Ìyàwó wa, ọtí nìyí. Ọmọ sì ń mu ọmú rẹ." Mo kúnlẹ̀, mo dì í lẹ́sẹ̀ mú: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Màá fi í sílẹ̀ lónìí." Ó ń sunkún, ó ní, "Mo ṣèlérí, n kò ní sọ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀ o, torí ọmọ."

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tá a gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ, ọrùn rẹ̀ ò tíì le. Dókítà bi mí bóyá mo mutí nínú oyún. Ọkọ mi ló dáhùn: "Rárá o, ìyàwó mi kì í mutí." Dókítà ní, "Ṣé ó ṣubú rí, tó forí gbálẹ̀?" Yéè, ẹnu mi yìí! Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló gbé e ṣubú. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ." Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀bẹ̀ tí èmi fi orúnkún bẹ̀, òun ni mo gbé kọ́ ọ lọ́rùn.

Orí bẹ́ǹṣì níta ni Eyínafẹ́ wà tó ń gbé ọmọ jó. Ọkọ mi já ọmọ gbà, ó gbá àbúrò rẹ̀ létí lójú gbogbo èèyàn. Eyínafẹ́ wojú mi, ó ní, "Ìyàwó wa, sọ̀rọ̀." Mo wolẹ̀. Kò dárúkọ ike, kò dárúkọ ọtí, torí ó ti ṣèlérí. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ìyá ọkùnrin náà ní ọwọ́ yẹn ò ní gbé ọmọ-ọmọ òun. Báyẹn ni ìgbéyàwó ṣe fọ́. Kò rọ́kọ fẹ́ mọ́, kò bímọ. Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́fà, dókítà mìíràn wojú rẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọtí tí mo mu nínú oyún ló ṣe é. Mo ní kó má sọ fún bàbá rẹ̀. Mo délé, mo tún mu.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo mọ̀ pé ẹ ń yọ́ gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ gbọ́ dáadáa. Bí ẹ bá lóyún, tí ọtí sì ti mọ́ yín lára, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Kò ní bù yín jẹ. Ìtìjú ọjọ́ kan ni, ẹ ó sì rí ìrànlọ́wọ́.

Ọmọ mi, ìwọ tó ò lè ka aago lógún ọdún, ìwọ tó o forí pamọ́ sẹ́yìn bàbá rẹ látìgbà tí àǹtí rẹ ti wọlé, gbọ́ mi. Irọ́ la fi tọ́ ọ dàgbà, àǹtí ò gbé ọ ṣubú. Kò sígbà kan tó gbé ọ ṣubú. Èmi ìyá rẹ ni mo pa ọ́ lára, mo sì purọ́ mọ́ ọn. Má bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Eyínafẹ́, mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ọmọ yín. Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò láàárín wọn.