Ariwo Ẹ̀yìn Kọ́áyà

Nínú bọ́ọ̀sì kan ní Staten Island, bàbá kan tó wọ aṣọ sikiọ́rítì ń yin ẹ̀rọ síídì olówó gọbọi rẹ̀ bí ẹni ń yin ọmọ tó di dókítà.

Obìnrin tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ta nǹkan yẹn jàre. Mo ti gbé síídì kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé sórí kọ̀ǹpútà fún yín. Ó yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò, ó mọ́ tónítóní."

"Obìnrin tó ń pariwo pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?"

"Ó yọ òun náà."

"Màmá mi nìyẹn. Ohùn wọn ò dáa tó fún kọ́áyà. Látìgbà tí wọ́n ti kú, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ wọn."