Iyọ̀ Tó Rán Hánánì Lọ Sẹ́wọ̀n

Ẹ̀yin ará tó yí ibùsùn mi ká, ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́. Ikọ́ yìí kọ́ ló ń pa mí. Hánánì àpọ́sítélì tí ẹ ń dárúkọ nínú àdúrà, ẹ ní àwọn abọrẹ̀ ló tì í mọ́lé. Irọ́ ni. Èmi Gẹ́lónì ni.

Gbogbo Éfésù ló mọ̀ mí nígbà náà. Bí mo bá dá àpárá lójú pópó, ẹja ìsàlẹ̀ òkun gan-an á di ikùn mú. Èmi ni mo ń ru iyọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ère Átẹ́mísì, òrìṣà tí à ń pè ní ìyá wa, lọ sétí òkun láti bọ́ ọ. Bí òrìṣà bá jẹ tán, olórí abọrẹ̀ á lá nínú iyọ̀ náà, ìlú á lá tẹ̀lé e. Lọ́dún yẹn, Mẹ́nípù ọ̀rẹ́ mi, agbẹ́kùúta, ní, "Gẹ́lónì, o ò tó bẹ́ẹ̀! O ò lè fi ìyẹ̀fun òkúta mi rọ́pò iyọ̀ ìyá wa." Èmi kẹ̀! Mo dà á kún àwo. Bí mo ṣe gbójú sókè, Hánánì ń kọjá. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó mi orí, ó lọ.

Olórí abọrẹ̀ lá a. Eyín rẹ̀ dún kàrà, itọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dé Róòmù! "Òkúta! Ta ló fi òkúta bọ́ ìyá wa?" Àwọn èèyàn ti ń ṣa òkò. Mẹ́nípù sọ sí mi létí pé, "Sọ nǹkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fi wá bọ́ ẹja." Ẹnu mi yìí, tó yẹ kó ti rà, ló là: "Ṣé kì í ṣe Júù tó ń wí kiri pé òrìṣà wa kì í jẹun ló wà lọ́hùn-ún yẹn?" Mo nàka sí Hánánì, tí kò tíì jìnnà.

Wọ́n nà án bí ẹni lu bàrà. Mo ń retí kó ké pé Gẹ́lónì ni. Kò ké. Níwájú adájọ́, mo gbọ́wọ́ lé pẹpẹ, mo búra pé mo rí i nídìí àwo iyọ̀. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n; ìbúra yẹn ló pa á.

Ìjọba kì í bọ́ ẹlẹ́wọ̀n, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ará. Èmi ni mo ń gbé búrẹ́dì lọ. Ẹ̀ṣọ́ á ní, "Aláwàdà, o tún wá fi baba yìí ṣẹ̀sín?" Hánánì á bu búrẹ́dì náà sí méjì, á fún mi nínú rẹ̀.

Mo ní, "Baba, ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn. Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ọmọ mi, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á pa ọ́, o ò sì tíì mọ Olúwa. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

"Lọ́la, Baba. Lọ́la ni mo máa sọ ọ́ fún adájọ́."

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, á bi mí pé, "Ṣé òní ni?" Èmi á ní lọ́la. Ibà wọ̀ ọ́ lára, lọ́la ni mò ń wí. Níjọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Baba ti kú. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá òní ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dá àpárá yín, ṣùgbọ́n bó bá ti ẹlòmíràn sínú ọ̀fìn, ẹ má dúró di ọ̀la. Ará, ẹ dárí jì mí. Hánánì, baba mi, òní ni.