Lẹ́tà Tí N Kò Kọ Fún Ìyá Lukman

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kí ohùn mi tó lọ. Kíndìnrín mi méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní kí n máa lọ sílé. Ó mọ ohun tó ń sọ, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Yàrá bàbá mi, lẹ́bàá ojú irin Ọ̀fà, ni mo ti ń kọ èyí lọ́dún 1997. Gbogbo ilé rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju pé mo jí ìwé ìrìnnà àbúrò mi lò. Ìyẹn kéré nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Jímọ̀ Ràímì ni orúkọ mi. Ìyá mi ni ìyáálé, Àríkẹ́ tí à ń pè ní Ìyá Kékeré sì ni ìyàwó. Ọdún kan ni mo fi ju Lukman ọmọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oníkolà kan náà ló kọ wá nílà, ojú bàbá wa ni àwa méjèèjì sì gbé. Bí Lukman bá wálé fún ìsinmi, àwọn ará ọjà Ọwọ́dé a máa fi orúkọ rẹ̀ kí mi. Bàbá ló kó Ìyá Kékeré àti Lukman lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1970. Nígbà tó yá, ó padà wá ṣiṣẹ́ réluwéè, ìyá àti ọmọ sì dúró sọ́hùn-ún. Ìjọba ibẹ̀ lu òǹtẹ̀ fún àwọn méjèèjì pé wọ́n lè máa gbé ìlú náà títí láé. Ṣùgbọ́n títí láé àwọn òyìnbó ní gbèdéke: ẹni tó bá jáde tó sì kọjá ọdún méjì láìpadà, òǹtẹ̀ tirẹ̀ ti kú. Ní 1982, Bàbá ní kí Lukman wá kọ́ṣẹ́ dókítà ní Zaria, kó má baà di òyìnbó pátápátá. Ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀ láti Ọ̀fà lọ síbẹ̀, bí ìsinmi gígùn bá sì dé, yóò lọ fojú kan ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí òǹtẹ̀ náà lè wà láàyè.

Oṣù kẹrin 1986 ló ti ibẹ̀ dé kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ilé ìwé tì, ó ṣí, ó tún tì, títí ìdánwò àṣekágbá fi bọ́ sí oṣù tí ọdún méjì yóò pé gan-an. Bí ó bá lọ, kò ní di dókítà. Bí kò bá lọ, ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ á tì mọ́ ọn. Èmi ni mo dá àbá. Ìjagbò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ó sì ti sú mi. Mo sọ níwájú Bàbá pé, "Ẹ jẹ́ kí n bá a gbé ìwé náà lọ. Ta ló máa mọ̀ wá yàtọ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì péré, màá ti padà dé." Lukman ní, "Bùrọ̀dá Jímọ̀, ẹ̀wọ̀n ni nǹkan yìí o. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí wọn ná, ká ṣàlàyé." Bàbá dá a lóhùn pé, "Ẹ̀wọ̀n kẹ̀? Ọmọ bàbá kan náà ni yín. Ohun tó bá jẹ́ tìẹ, ti ilé yìí ni." Bí a ṣe ń gbé nílé wa nìyẹn. Aṣọ, bàtà, kẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ la jọ ń lò, Bàbá sì ka òǹtẹ̀ òyìnbó mọ́ wọn. Lukman gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Lọ́ńdọ̀nù, òyìnbó tó ń yẹ ìwé wò wo fọ́tò, ó wo ilà ojú mi, ó lu òǹtẹ̀. Ìyá Kékeré se ẹ̀wà dè mí. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O gba àbúrò ẹ sílẹ̀." Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Mo ríṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ kan, orúkọ Lukman ni mo sì fi gbà á. Bí Ìyá Kékeré bá ní kí n máa palẹ̀ mọ́, màá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Olè ni mí, ìdí ìkòkò ìyá ẹni tí mo jà lólè ni mo sì ti ń jẹun.

Lukman yege, ó retí mi títí, kò rí mi. Ní 1989, ó lọ sọ òtítọ́ fún àwọn òyìnbó ní Èkó pé òun gan-an ni Lukman, pé ẹ̀gbọ́n òun ló wà lọ́hùn-ún. Wọ́n bá ránṣẹ́ pe èmi àti Ìyá Kékeré sí ọ́fíìsì wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń wé ìborùn mọ́rí, mo dúró dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ìyá Kékeré, bí ẹ bá sọ pé èmi kọ́, wọ́n á bi yín pé ta ló gbà mí sílé. Wọ́n á lé mi, wọ́n á lé ẹ̀yin náà, òǹtẹ̀ Lukman á sì kú síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọjá tòní ná, màá tún un ṣe." Ó wò mí. Ó ní, "Jímọ̀, kí lo fẹ́ kí n sọ nípa ọmọ mi?"

Òyìnbó kan ní ọ́fíìsì náà gbé fọ́tò tí Lukman yà ní Èkó sórí tábìlì. Èmi ló kọ́kọ́ bi, mo ní ìbátan wa kan tó ń jowú mi ni. Ó yíjú sí ìyá, ó nawọ́ sí mi: ṣé ọmọ rẹ nìyí? Ìyá Kékeré gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ti inú fọ́tò yìí ńkọ́? Ó fa fọ́tò náà mọ́ra, ó wò ó. Ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ka sí i, wọ́n sì kọ̀wé sí Lukman ní Ọ̀fà pé obìnrin tó ń pè ní ìyá ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Rárá o. Ìyá Kékeré kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, èmi sì ni akọ̀wé rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó tì mí, ó ní kí n mú bírò. Ó sọ̀rọ̀, ó sunkún, ó tún sọ̀rọ̀. Bírò mi ń lọ, àmọ́ ohun tí mo kọ ni pé: "Lukman, má kọ̀wé sí mi mọ́. Ìwọ lo fẹ́ kí wọ́n lé mi. Fi mí sílẹ̀." Mo kọ ọ́ gàdàgbà kó lè kún ojú ìwé. Mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an bá dé Ọ̀fà, ó parí fún mi. Ó bi mí pé, "Ṣé o kọ gbogbo ẹ̀?" Mo ní, "Mo kọ gbogbo ẹ̀, mà." Ó tẹ̀ka sí i, ó sì ṣàdúà fún mi pé ọmọ tèmi náà á tọ́jú mi.

Ọdún mẹ́ta ló fi retí èsì. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ju ìwé wọlé, òun ló ń sáré lọ ṣà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru pa á ní 1992, èmi ni mo sì dúró nídìí sàárè gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀. Bàbá ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìròyìn dé Ọ̀fà, àwọn àáfà pé jọ fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Lukman ní kí wọ́n máa lọ, pé òun kò ní ìyá, pé ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, ìka rẹ̀ ló sì wà nídìí rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kọ̀, ta ló fẹ́ ṣe é lórí rẹ̀? Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò ṣe fìdáù obìnrin náà.

Lukman, mo mọ̀ pé dókítà ni ọ́ báyìí ní Ìlémọ̀nà, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọ pé mo dé. Ó tọ́ bí o kò ṣe wá. Ohun tí ìyá rẹ ní kí n kọ nìyí, n kò yọ nínú rẹ̀, n kò sì fi kún un: "Lukman, ọmọ mi, ẹ̀rù ló bà mí. Wọ́n fi fọ́tò ẹ hàn mí, mo rí i pé o ti rù, mo fẹ́ bi wọ́n pé ta ló ń fún ẹ lóúnjẹ. Dípò ìyẹn, mo ní n kò mọ̀ ẹ́. Gbé ìwé yìí lọ bá wọn, sọ pé mo parọ́. Kí wọ́n lé mi, n óò wá bá ẹ ní Ọ̀fà. Jímọ̀ tó ń kọ ọ́ yìí, má bá a jà jù, ẹ̀yin méjì péré ni."

Ti ìwé ìrìnnà, bó o bá lè forí jì mí, kí o forí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe, n kò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n pe àwọn àáfà lọ́sẹ̀ yìí, kí o ṣe fìdáù ìyá rẹ. Bí mo bá ṣì ń mí, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi mí jókòó sáàárín àwọn ọmọ olóògbé. Ìwọ nìkan ló bí.