Ọmú tí Àràmọ́tù kò fún Ràyhánátù

Ikú ti sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọlẹ̀. Àràmọ́tù ìyàwó mi kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo purọ́.

Mùjàhídì ọmọ wa fẹ́ gbé Ràyhánátù níyàwó. Hùsèínì, bàbá ọmọbìnrin náà, ni bùtíìkì tó ti ń ta aṣọ kọjú sí tèmi ní ọjà Arzèkè. A kì í kí ara wa. N kò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àna, ọmọ náà kò sì ní àlébù tí mo lè nàka sí. Mo bá sá sábẹ́ òfin ẹ̀sìn wa: àwọn ọmọ tó bá mu ọmú obìnrin kan náà ti di ọmọ ìyá, wọn kò lè fẹ́ ara wọn. Mo sọ fún lèmọ́mù pé nígbà tí ìyá Ràyhánátù kú, Àràmọ́tù ló fún ọmọ náà lọ́mú.

Àràmọ́tù bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Mùjàhídì, ọmú ta ni? Tèmi àbí tiyín? Sẹ̀kínátù, ọmọ àbúrò yín, ni mo fún. Wàrà inú agolo ni wọ́n fi tọ́ Ràyhánátù.”

Mo ní, “Ẹ wo obìnrin! Ọmọ ti dàrú mọ́ ọn lójú. Ọkùnrin kì í gbàgbé irú èyí.” Àwọn ọkùnrin tó bá lèmọ́mù jókòó mi orí pé òótọ́ ni. Ìyá àgbà tó tọ́ ọmọ náà ti kú, Hùsèínì sì wà lẹ́nu òwò lókè òkun nígbà náà. Lèmọ́mù ní, “Ìyá, ẹ lọ rò ó dáadáa.”

Ó yẹ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ìkà ni mí. Mo ń gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́, màá tún bá a wá a. “Ṣó o rí i? Ìwọ náà ló ní o kì í gbàgbé.” Mo ń sọ fún un bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, bí ọmọ náà ṣe gé e jẹ lọ́mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó ní, “Ó jọ pé mo ti rántí. Ó gé mi jẹ lóòótọ́.” Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí! Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ búra lọ́dọ̀ lèmọ́mù.

Wọ́n fi Ràyhánátù fún ẹlòmíràn. Mùjàhídì lọ sí Kútọnu, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, Àràmọ́tù á kírun tán, á bi mí bóyá òun ti kírun. Kó tó kú, ó ní, “Ẹ forí jì mí. Ìgbàgbé mi ló ba ayé ọmọ wa jẹ́.” Mo ní mo ti forí jì í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ẹ má ṣe gba ìrántí lọ́wọ́ ìyàwó yín. Mùjàhídì, bí o kò bá lè forí jì mí, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n lọ síbi tí a sin ìyá rẹ sí, kí o sọ fún un pé kò gbàgbé nǹkan kan.