Ihò Lójú Igi Gọ́ọ̀fù

Iná wẹ́dà ti lu ojú orí igi gọ́ọ̀fù kan já, ọjọ́ kan péré ló sì kù kí obìnrin tó ni ín fi gbá ìdíje tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa di amọṣẹ́dunjú. Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lọ sí Airport Road láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín òun àti bàbá tó kọ́ ọ ní eré náà.

“Orí igi yìí ló ń mì,” bàbá náà sọ. “Mo ní kí n bá ẹ tún un ṣe kó o tó dé.”

“Baba, who send you?”

“Láti ìgbà tí mo ti ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù fáwọn òyìnbó elépo rọ̀bì, wẹ́dà Sapele Road yẹn ló ń bá mi jó tiwọn pọ̀. Kò bà á jẹ́ rí.”

“Tiwọn, irin ni. Eléyìí fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ orí ẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi wọn bí mo ṣe ń ju apá kí wọ́n tó ṣe é fún mi. Ẹ ò bá ti bi mí, sà.”

Bàbá náà fọwọ́ ra etí ihò náà. “Irin tí mo mọ̀ kọ́ nìyí,” ó sọ. Nígbà tó yá, ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀: “Irin tí mo mọ̀ kọ́.”

Obìnrin náà pe àwọn tó ń ṣètò ìdíje, ó fi fóònù sí sípíkà. Ọkùnrin tó gbé e ní kó má mú igi tó ti ní ihò wọ pápá. Agogo méje àárọ̀ ọ̀la ni wọn yóò pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá gbá, kó fi àwọn igi tó kù nínú àpò rẹ̀ gbá a. Wọn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.